Igun Mẹ́jọ Bàbá Dúrójayé

Tí wọ́n bá ti dárúkọ olóògbé Joshua Dúrójayé ní Awoyaya, ọ̀rọ̀ igún ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rántí. Káfíńtà ni bàbá náà, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun sì ni. Kò sí ẹyẹ tó fọwọ́ kàn rí láyé rẹ̀ yàtọ̀ sí adìyẹ ọdún. Síbẹ̀, ní ọ̀sán ọjọ́rú kan, obìnrin mọ́kànlá tó wọ sùtánà funfun ya wọ ilé rẹ̀, àwọn kan mú agogo lọ́wọ́, àwọn kan mú àbẹ́là, wọ́n ní àwọn wá lé igún.

Fóònù ló fà á. Bàbá Dúrójayé wà níbi iṣẹ́ ní Igbó Ẹfọ̀n lọ́jọ́ náà nígbà tí ọlọ́kadà tó ń kó ẹrù kiri pè é pé òun ti gbé páálí rẹ̀ délé. Bàbá fẹ́ kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀, Àrínọlá, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Tiwá. Dípò kí ó fi í ránṣẹ́ sí ìyàwó, inú agbo WhatsApp ìjọ ló fi í sí. Bàbá kì í sì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, ó ní fóònù òun kéré jù láti máa ru àmì. Ohun tí àwọn ará ìjọ rí kà nìyí:

“Igun mi ti de sile o. E ma je ki enikeni tu u. O lagbara pupo. Odun meta ni mo ti n wa a. Ola ni maa bere si lo o.”

Ìyá Wòlíì Fẹ́yìsayọ̀, tó jẹ́ olórí àwọn ìyá ìjọ, kà á lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ bàtà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó wọ sùtánà.

“Igún! Ọdún mẹ́ta ló ti ń wá igún! Ẹ̀yin ará, Bùròdá Joshua ti bọ́ sọ́wọ́ wọn!”

Ìyá Tiwá ń sá aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dé. Kò gbọ́ nǹkan kan, kò rí ìwé kankan.

“Ẹ̀yin ìyá, kí ló dé?”

“Níbo ló wà?”

“Ta ni?”

“Ẹyẹ náà!”

Wọ́n rí páálí lábẹ́ tábìlì, wọ́n yí i ká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu agogo. Obìnrin kan búra pé òun gbọ́ tí ó ń fi èékánná ha páálí láti inú. Ẹnìkan ti sáré pe Bàbá. Bí ó ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ohun tó kọ́kọ́ rí ni Ìyá Wòlíì tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi àdúrà sókè, tó fẹ́ dà á sórí páálí náà.

“Ẹ má da omi sí i!” Bàbá pariwo. “Ẹ má dà á! Á dípẹtà!”

Agogo dákẹ́. Àwọn ìyá wo ara wọn. Ìyá Wòlíì rọra gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀.

“Bùròdá Joshua,” ó ní, “ẹyẹ wo ló ń dípẹtà?”

Bàbá tú páálí náà lójú gbogbo wọn. Irin ni. Irin gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà nísàlẹ̀, orí rẹ̀ rí bí ìdajì òṣùpá, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára yípo. Ẹ̀rọ ayùn àwọn káfíńtà a máa ní kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ lójú tábìlì rẹ̀. Inú kòtò yẹn ni irin gígùn yìí ń rìn. Káfíńtà á gbé pákó ti orí rẹ̀, á yí i sí nọ́ńbà tó wù ú, á sì tì í lọ bá ayùn kí ayùn lè gé e ní ìdagẹ̀rẹ̀ bí ó ṣe fẹ́. Máítà ni gbogbo káfíńtà láti Ajah dé Awoyaya ń pè é. Bàbá Dúrójayé nìkan ló ń pè é ní igun, nítorí ó ti pinnu pé ohun èlò kankan kò ní jẹ́ orúkọ òyìnbó nínú ṣọ́ọ̀bù òun.

“Igun ni mo kọ,” ó ń ṣàlàyé, “n ò kọ igún.”

“Ta ló fẹ́ mọ̀?” ni Ìyá Wòlíì dáhùn. “Àwọn méjèèjì jọra lójú fóònù.”

Àwọn ìyá fẹ́ máa lọ. Bàbá di ẹnu ọ̀nà mọ́ wọn, ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ parí àdúrà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kí irin náà má bàa tan òun jẹ. Wọ́n gbàdúrà fún un fún odindi ìdajì wákàtí, wọ́n sì ṣe àmín tó rinlẹ̀.

Ohun tó mú kí àgbà ọkùnrin máa wá irin kan fún ọdún mẹ́ta kì í ṣe kékeré, tábìlì kan ló fà á. Obìnrin kan wà ní VGC, ọgbà àwọn olówó, tó ń jẹ́ Ṣèyílọ́lá, lọ́yà ni, ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní, kì í sì í pariwo. Ó ní kí Bàbá kan tábìlì onígun mẹ́jọ fún òun: pákó mẹ́jọ tí wọ́n máa so pọ̀ yípo, tí wọ́n á gbé gíláàsì sí àárín. Bàbá kàn án. Igun méje pàdé, wọ́n dùn ún wò. Ìkẹjọ kọ̀. Ibi tí pákó ìkẹyìn ti yẹ kó fẹnu ko ti àkọ́kọ́, àlàfo ló wà ńbẹ̀ tí ojú lè rí láti ẹnu ọ̀nà.

Bàbá gbé e lọ bẹ́ẹ̀, ó ní bóyá obìnrin náà kò ní rí i. Ṣèyílọ́lá rìn yí tábìlì náà ká lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣí pọ́ọ̀sì, ó mú káàdì báǹkì rẹ̀ jáde, ó sì kì í bọ inú igun kẹjọ. Ó wọlé geere.

“Bàbá,” ó fọ̀hùn jẹ́jẹ́, “tábìlì ni mo ní kí ẹ bá mi kàn. POS kọ́.”

Àwọn gátímánù VGC gbọ́. Kí Bàbá tó dé Ajah, àwọn onípákó ti gbọ́. Kí ó tó dé Awoyaya, wọ́n ti sọ ọ́ ní Bàbá POS. Ó gbé tábìlì náà padà sílé, Ìyá Tiwá sì ń ki ìwé iná bọ inú àlàfo náà kí ó má bàa sọnù, èyí tí kò tún ràn án lọ́wọ́ rárá. Bàbá búra níwájú ìyàwó rẹ̀ pé òun á kan òmíràn fún obìnrin yẹn, pé igun mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á pàdé, àti pé òun ò ní kú pẹ̀lú orúkọ POS lọ́rùn.

Olúṣẹ́gun, káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti Bàbá, rò pé ọ̀rọ̀ náà kò tó bẹ́ẹ̀.

“Bàbá, ẹ po èérún pákó mọ́ gúlù, ẹ fi dí i, ẹ fín in. Ó parí. Ta ló máa mọ̀?”

“Èmi.”

“Ẹ̀yin nìkan?”

“Ṣé mo kéré ni?”

Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá fi ń wo ayùn rẹ̀ kó tó rí ibi tí ọ̀ràn wà. Máítà tó bá ẹ̀rọ náà wá láti ilé iṣẹ́ ń mì nínú kòtò rẹ̀. Ó ń mì díẹ̀ báyìí, tí ojú kò lè rí, àfi kéèyàn fọwọ́ kàn án. Inú Bàbá dùn débi pé kò lè pa á mọ́ra. Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n pe àwọn tó ní ẹ̀rí, òun ló kọ́kọ́ dìde.

“Ẹ̀yin ará, pákó mẹ́jọ ni. Ẹnu méjì ni pákó kọ̀ọ̀kan ní. Ẹnu mẹ́rìndínlógún nìyẹn. Tí ẹnu kan bá fi ìdajì dígírì péré ṣìnà, tí ìkejì tún ṣe bẹ́ẹ̀, kó tó dé ìkẹrìndínlógún, ó ti di dígírì mẹ́jọ! Mo fẹ́ kí ẹ bá mi kà á. Ẹnu kìn-ín-ní…”

Nígbà tó kà dé ẹnu kẹjọ, àwọn akọrin gbé orin. Bàbá gbé ohùn sókè ju orin lọ. Ó ní òun kò tíì dé ìdajì ẹ̀rí òun.

Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá igun tí kì í mì. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Olúwaṣíjibòmí ń ta irinṣẹ́ káfíńtà ní Ajah, ọmọlúwàbí ni, kò sì mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá òun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló rí i tí kẹ̀kẹ́ Màrúwá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí ọkùnrin méjì ń gbé pẹpẹ irin ńlá kan bọ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń mí gúlegúle.

“Bàbá, kí lèyí?”

“Orí ayùn mi ni. Mo tú u.”

“Kí lẹ wá gbé e wá ṣe níbí?”

“Ṣé ẹni tó fẹ́ ra bàtà máa ń fi ẹsẹ̀ sílé ni?”

Wọ́n tẹ́ orí ayùn sílẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù. Bàbá kúnlẹ̀ tì í, ó ń ki máítà bọ inú kòtò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka mì í, ó ń dẹtí sí i. Àwọn oníbàárà ń fo orí ayùn kọjá.

“Ó ń mì.”

Olúwaṣíjibòmí gbé òmíràn wá.

“Ó ń mì.”

“Bàbá, èyí ò mì o.”

“Wá dẹtí.”

Olúwaṣíjibòmí náà kúnlẹ̀, ó dẹtí. Ó ń mì lóòótọ́. Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí wọ́n fi dé orí ìkeje. Bàbá tì í wọlé, ó mì í, ó dẹtí, ó tún mì í.

“Èyí ò mì,” ó ní.

“Olúwa, o ṣeun!”

“Kò rìn náà.”

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, Olúwaṣíjibòmí mú fóònù rẹ̀ jáde, ó fi àwòrán kan han Bàbá. Òun fúnra rẹ̀ sọ nígbà tó yá pé kí bàbá náà lè máa lọ ni òun ṣe fi í hàn án. Máítà kan láti òkè òkun ni. Wọ́n fi ìdè kéékèèké bíi síkúrù sí ẹ̀gbẹ́ irin rẹ̀: téèyàn bá yí wọn, irin náà á fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi kún inú kòtò rẹ̀ rẹ́gí. Lórí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ihò kékeré kan wà tí pín-ìnnì máa ń bọ́ sí, tó fi jẹ́ pé bó bá ti wọ dígírì méjìlélógún àbọ̀, kò tún síbi tó ń lọ. Ohun tí igun mẹ́jọ ń béèrè gan-an nìyẹn. Bàbá wo àwòrán náà pẹ́. Ó bi Olúwaṣíjibòmí bóyá ó lè bá òun tẹ̀ ẹ́ jáde kí òun fi kọ́ ara ògiri.

Tiwátọ́pẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Igbó Ẹfọ̀n, ló bá a rà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí Bàbá tó gbà, ó ní kí Tiwá kọ ìbéèrè mẹ́tàlélógún ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tà á. Báwo ni irin náà ṣe fẹ̀ tó? Ṣé ó máa wọ kòtò ayùn tèmi? Irú irin wo ni? Tiwá ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ó ń mí kanlẹ̀, ó sì dé orí ìkẹyìn.

“Dádì, mi ò lè bi í léèrè èyí.”

“Kọ ọ́.”

“‘Ẹni tó ṣe é, ṣé onísùúrù ni?’ Ẹ dákun!”

“Kọ ọ́, jàre.”

Èsì dé lọ́jọ́ kejì. Lórí ìbéèrè ìkẹyìn, ẹni náà kàn kọ “bẹ́ẹ̀ ni”, kò fi nǹkan kan kún un. Bàbá ní ìyẹn gan-an ló fi hàn pé òótọ́ ni.

Bí igun ṣe dé Awoyaya nìyẹn, tí àwọn ìyá ìjọ sì gbàdúrà sí i. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Bàbá fi tún un ṣe kó tó gé igi gidi kan. Ó yí àwọn ìdè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí tí irin náà fi ń rìn láì mì, tí kò sì há. Ó lẹ bébà oníyanrìn mọ́ iwájú rẹ̀ kí pákó má bàa yọ̀ sẹ́yìn nígbà tí ayùn bá ń jẹ ẹ́. Ó de igi kékeré kan mọ́ ọn tí gbogbo pákó á máa kàn, kí gígùn wọn lè dọ́gba, ó ní igun tó pé kò wúlò fún pákó tí kò gùn tó ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wá gé pákó fífẹ̀ kan sí méjì, ó dojú ọ̀kan dé, ó tún tò wọ́n pọ̀. Bí ojú gígé náà bá fi bí irun orí wọ́, ìlọ́po méjì ló máa hàn. Ó hàn. Ó yí i díẹ̀, ó tún gé.

Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sáré kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kẹfà, Olúṣẹ́gun sín nínú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní òdìkejì ọ̀nà.

“Olúṣẹ́gun! O ti mì mí!”

“Bàbá, títì ló wà láàárín wa!”

“Títì náà mì!”

Igi ìrókò láti ara ilẹ̀kùn ilé àtijọ́ kan tí wọ́n wó ní Ajah ni Bàbá tọ́jú fún tábìlì náà. Ó sọ fún gbogbo ayé pé pákó mẹ́jọ péré ni òun rí yọ lára rẹ̀, kò lé, kò dín. Pákó kan ní Sátidé kọ̀ọ̀kan ni ètò rẹ̀, nítorí ó ní bí ọwọ́ bá ti gé ọ̀kan dáadáa, ìgbéraga ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, ó yẹ kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan. Tiwá máa ń wá wò ó. Ó ń rẹ́rìn-ín.

“Dádì, ṣebí irin yìí ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Kí lẹ wá ń làágùn sí?”

Bàbá pa ayùn. Ó nu ọwọ́.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo máa gé ìkẹjọ.”

Ẹ̀rín Tiwá gbẹ. Ìgbà tí Bàbá bá sọ nǹkan báyìí, ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Ó fi àgékù pákó kọ́ ọ níṣẹ́. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di pákó mú kí ìka jìnnà sí ayùn, bí wọ́n ṣe ń tì í láì dúró, láì sáré. Ogójì àgékù ni ọmọbìnrin náà gé, wọ́n dára. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbé pákó ìkẹjọ gan-an, á tún rọra gbé e sílẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù. Bí ó bá bà á jẹ́, tábìlì ti bàjẹ́, orúkọ POS á sì dúró lọ́rùn bàbá rẹ̀ títí ayé.

“Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Dádì.”

“Kò burú.”

Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Bàbá tí kì í gba àwáwí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni gba èyí. Á kàn fi aṣọ bo pákó náà padà, á sì béèrè bóyá ó ti jẹun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹta ọdún tó kọjá, Bàbá Dúrójayé kò jí. Kò ṣàìsàn, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìyá Tiwá ní ìyẹn nìkan ni nǹkan tí ó ṣe láyé rẹ̀ láì ṣe àlàyé.

Gbogbo Awoyaya ló sin ín. Ìyá Wòlíì Fẹ́yìsayọ̀ ló gba àdúrà ìkẹyìn, ó sì ń ṣe é tẹ̀dùntẹ̀dùn, títí ó fi dé ibi tó ti ní kí Ọlọ́run gbọ́ wa láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kí ó tó dé orí àmín, gbogbo ìjọ ti ń fi sùtánà nu ojú, Ìyá Wòlíì fúnra rẹ̀ sì di igi àga mú kí ó má bàa ṣubú. A rẹ́rìn-ín gan-an lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin yẹn dùn mọ́ wa, ó sì dùn wá pé ó lọ.

Ṣèyílọ́lá náà wá kí wọn láti VGC. Ó ní kí wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ tábìlì, pé inú òun kò dùn sí àpárá tí òun dá lọ́jọ́ yẹn. Ìyá Tiwá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní tábìlì rẹ̀ ń bọ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Tiwá wo ilẹ̀.

Ní Sátidé kẹfà lẹ́yìn ìsìnkú, Tiwá ṣí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Olúṣẹ́gun wá dúró tì í. Ọmọbìnrin náà fi ìka mì igun náà nínú kòtò. Kò mì. Ó fi pín-ìnnì sí ihò rẹ̀, ó gbé pákó tì í, ó tan ayùn. Ó pa á, ó tún mì igun náà wò, ó tún tàn án. Ó gé ẹnu kan. Ó yí pákó padà, ó gé ìkejì.

Wọ́n to mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sílẹ̀ láì fi gúlù sí i. Igun méje pàdé. Olúṣẹ́gun dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú èérún pákó, ó fi tọ́ọ̀ṣì tan igun kẹjọ láti abẹ́, ó ní kí Tiwá wò ó láti òkè.

“Ṣé o rí ìmọ́lẹ̀?”

“Mi ò rí i.”

“Wò ó dáadáa.”

“Bọ̀dá Olúṣẹ́gun, kò sí ìmọ́lẹ̀.”

Olúṣẹ́gun kò dìde. Ó sùn síbẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ń sọ pé bàbá yìí ti ba iṣẹ́ òun jẹ́, pé ta ló máa wá gba èérún pákó àti gúlù lọ́wọ́ òun mọ́ ní Awoyaya.

Tiwá sáré lọ sílé lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá Tiwá gbọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó nawọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ó fa nǹkan kan jáde tí wọ́n fi aṣọ wé, ó tú u. Pákó ìrókò mẹ́rin ló wà níbẹ̀, igi ilẹ̀kùn kan náà, wọ́n ti fá wọn, wọ́n sì fẹ̀ bákan náà.

“Màámi, kí lèyí?”

“Igi ò tán. Bàbá ẹ purọ́. Ó ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹ títí wàá fi gé e. Ó ní tó o bá mọ̀ pé òmíràn wà, o ò ní fara balẹ̀. Ó tún ní tó o bá bà á jẹ́, kí n tètè fà wọ́n yọ kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.”

Tiwá jókòó sílẹ̀. Ó gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yí wọn wò. Lórí pákó kọ̀ọ̀kan, Bàbá ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ gàdàgbà: ìkẹjọ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kọ bẹ́ẹ̀ sí. Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ẹ̀rín fi di ẹkún, kò sì mọ ìgbà tí ọ̀kan parí tí ìkejì bẹ̀rẹ̀.

“Oṣù mẹ́ta tí mi ò fi sùn! Bàbá yìí!” Ó nu ojú. “Màámi, ó fẹ́ràn mi gan-an o.”

“Ó fẹ́ràn ẹ kọjá ààlà,” ni ìyá rẹ̀ wí, ó ń gba pákó lọ́wọ́ rẹ̀ kí omijé má bàa kán sí i. “Kò kàn mọ bó ṣe máa sọ ọ́ láì gé igi sí i ni.”